Bọ̀dá, Ẹ Má Tú Régúlétọ̀ Yẹn O!

Bọ̀dá wẹ́dà kan ládùúgbò wa ló fẹ́ tú régúlétọ̀ gáàsì ìyàwó wọn, pé iná ẹ̀ ò le tó. Mo figbe ta! Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sípíríǹgì inú ẹ̀ ló ń dín agbára gáàsì kù. Irú ẹ̀, ti mọ́tò onígáàsì, ni Émile Gagnan àti Jacques Cousteau tún ṣe ní Faransé lọ́dún 1943, tí òmùwẹ̀ fi ń mí lábẹ́ omi. Àwọn náà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún.

Gáàsì tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá lọ. Ilẹ̀ ọ̀hún làwọn ọmọ bọ̀dá ń sùn sí!

Mo ní kí wọ́n po ọṣẹ, kí wọ́n fi pa á lára, kì í ṣe ìṣáná o. Ó hó yeeye nídìí rọ́bà. Bọ̀dá ò bá mi jiyàn mọ́; ọjà ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ra tuntun.