Sísọ Igi Titun di Ogbó

Ìlú Kàdúná kò dàgbà. Ọdún 1917 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá, nígbà tí Sáríà ti di ìlú olódi láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Síbẹ̀, a rí nínú àwọn onílé ibẹ̀ tí ń fẹ́ àga tí ojú rẹ̀ jọ ti ayé àtijọ́. Ní Páńtẹ́kà, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àga titun tí fánìṣì rẹ̀ ń kọ mọ̀nà ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń yangàn. Ta ni í fi owó ra ogbó?

Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nílé. Kí a kọ́kọ́ wo àga tí ó gbó ní tòótọ́. Ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé ni ó ń dán; igi ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni ó ń jẹ wọnú; abẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, a máa wà bí ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Ẹni tí ó bá fi òòlù lu àga káàkiri, àga tí ó jìyà ni yóò ní, kì í ṣe àga tí ó gbó.

Kí a fi bébà oníyanrìn ha fánìṣì kúrò pátápátá. Kí a rẹ kànrìnkàn irin sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí a má dé ìgò náà pa, nítorí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀. Omi irin yìí ń pàdé oje kíkorò kan nínú igi, igi a sì ṣókùnkùn. Oje kan náà wà nínú tíì. Nítorí náà, igi funfun bí arère, tí oje yìí kò pọ̀ nínú rẹ̀, ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ fi tíì kíki kùn ún, kí ó gbẹ, kí omi irin tó tẹ̀lé e. Abẹ́ àga ni kí a ti dán an wò. Ní ti kí igi la ẹnu, ọyẹ́ Kàdúná ń ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́ fún igi tí kò gbẹ dáadáa.

Ogbó a máa pa owó, ẹ̀tàn sì ń tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ère amọ̀ ní abúlé Nok, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná òní, ní 1928, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun, ni àwọn kan ti ń mọ titun, tí wọ́n ń tà á bí èyí tí ó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún méjì nínú ilẹ̀. Ẹni tí ó sọ àga rẹ̀ di ogbó fún ojú ara rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ tà á, kí ó sọ fún olùrà pé ọdún yìí ni wọ́n kàn án.

Ohun tí ó ń dunni ni pé, ní ilé mìíràn tí irú iṣẹ́ yìí ti ń lọ lọ́wọ́, àga ìrókò tí bàbá fi sílẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ń sùn lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni ó yẹ̀. Àtè gbẹ́nàgbẹ́nà àti ìda oyin díẹ̀ ti tó o.