Iṣẹ́ Ìsìn Tí Kò Ní Aṣọ Ẹgbẹ́

Bí a bá kéde nínú ìjọ pé a ń fẹ́ akọrin, ọwọ́ á nà sókè. Ṣùgbọ́n bí a bá ní a ń fẹ́ ẹni tí yóò lọ fọ aṣọ aláìsàn, ẹlòmíràn á ti máa wá bàtà rẹ̀. (A kò kórìíra orin o, àwa tọkọtaya wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.) Nígbà tí Dọkasi kú ní Joppa, àwọn opó kò ka oyè rẹ̀ fún Peteru. Ẹ̀wù tí ó rán fún wọn ni wọ́n ń fi hàn án, tẹkúntẹkún (Iṣe 9:39).

A rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó níbí lọ́dún 2014. Ní oṣù keje, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà dé gbé àrùn Ebola wọ̀lú. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Gbogbo wa mọ orúkọ tirẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn ńkọ́? Èèyàn 894 ni ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, ní Èkó àti Port Harcourt. Ọjọ́ 21 ni a gbọ́dọ̀ fi máa ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bóyá ara rẹ̀ yóò gbóná. Ojúlé dé ojúlé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, wọ́n sì bẹ àwọn èèyàn náà wò ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Onílé ń bẹ̀rù wọn, aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, àwọn pàápàá sì ní ọmọ nílé. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ilé tí a háyà nígbà náà, nọ́ọ̀sì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò gba aláìsàn Ebola kankan, síbẹ̀ àwọn ayálégbé ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi mọ́. Àwa kò ní oògùn, a kò sì lè bá gbogbo ilé jà. Garawa omi méjì ni a ń gbé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ kí a tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá kan nínú ìjọ bi wá bóyá a ti pè é wá sí ìsìn. Mùsùlùmí ni, ó ń kírun rẹ̀. Omi ni kò ní.

Ó ti kó lọ. Bàbá kan tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ni ó wà ní yàrá yẹn báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Àárọ̀ Sátidé ni a máa ń wẹ̀ ẹ́, tí a sì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ó wúwo ju agbára èèyàn méjì lọ, a sì ń wá arákùnrin kan tí yóò máa bá wa gbé e.