Ohun tí kò hàn nínú fọ́tò

1/
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kéèkì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé owó lọ sí Òṣòdì láti lọ ra irinṣẹ́, ẹ ka èyí ná. Owó olówó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹ tún fi tiyín kọ́ ọ. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ wá ibi jókòó.

2/
Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé. Ata ni màámi ń tà. Ní 2022, nígbà tí àjọ kàn wọ́n, wọ́n ka ₦80,000 sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Lọ ra ohun tí o máa fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọjà ni o. Tí iṣẹ́ bá ti ń wọlé, wàá dá a padà." Mo ní, "Ẹ má mikàn, mà."

3/
Mo wọ mọ́tò ní Ìyànà Ìsọlọ̀, mo bọ́ ní Òṣòdì. Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan kéèkì rí mọ bó ṣe máa ń rí: òórùn fànílà, páànù tí wọ́n fi okùn so kọ́, gbogbo nǹkan ń dán. Wọ́n gbé àpótí kan jáde fún mi. Irinṣẹ́ 106 nínú àpótí kan ṣoṣo! Nozzle oríṣiríṣi, turntable oníke, cutter òdòdó, búrọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀. ₦22,000. Inú mi dùn débi pé mi ò ná an dáadáa.

4/
Mo ra mould onísílíkónì mẹ́fà lé e, ₦9,000: orí ọmọ ọwọ́, bàtà, bọ́tìnì, labalábá. Mo tún ra airbrush kékeré tó ń lo bátìrì, èyí tí wọ́n fi ń fọ́n àwọ̀ sára kéèkì, ₦27,000. Ó ku ₦22,000. Mo fi ra páànù, fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà. Owó àjọ tán.

5/
Ṣé ẹ mọ ohun tí mi ò rà? Scale. Thermometer oven. Cake board tó nípọn. Dowel, ìyẹn igi tàbí ọ̀pá oníke tí à ń kì bọ inú kéèkì kó lè gbé èyí tó wà lókè. Kí ló dé tí mi ò rà wọ́n? Torí pé ojú fóònù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń ya fọ́tò dowel. Ohun tó ń hàn ni mo rà.

6/
Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ńlá dé. Àǹtí kan ládùúgbò wa fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí àádọ́ta ọdún. Kéèkì onípele mẹ́ta, fondant funfun, òdòdó aláwọ̀ wúrà. ₦75,000, wọ́n sì san gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èjìgbò ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo to àwọn ìpele náà léra. Láàárọ̀ Sátidé, ó ṣì dúró ṣánṣán. Mo ya fọ́tò bí ọgbọ̀n.

7/
A gba Òkè-Àfà. Mọ́tò bọ́ sí kòtò kan, ó tún bọ́ sí ìkejì. Èmi ń gbàdúrà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí a débẹ̀ tí mo ṣí páálí, ìpele òkè ti rì wọnú ti àárín, ti àárín ti rì wọnú ti ìsàlẹ̀, fondant ti ya láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Òdòdó mi ńkọ́? Kò sí ìkankan tó já. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kéèkì tó wó, wọ́n ń dán.

8/
Àǹtí ò pariwo. Wọ́n kàn wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí la máa wá gé báyìí?" Wọ́n rán ẹnìkan lọ ra kéèkì mìíràn. Mo ní láti dá owó wọn padà, ₦30,000 péré ló sì kù lọ́wọ́ mi. Màámi fi ₦45,000 kún un, nínú owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ata. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn ò lọ sọ́jà. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

9/
Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kéèkì ò lè gbé kéèkì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ìpele òkè á jókòó sórí board tiẹ̀, board yẹn á jókòó sórí dowel, dowel á gúnlẹ̀ sórí board ìsàlẹ̀. Kéèkì tó wà nísàlẹ̀ kò ní gbé ẹrù kankan.

Ẹ ki dowel kan bọ inú kéèkì, ẹ sàmì síbi tó ti bá ojú kéèkì dọ́gba, ẹ fà á yọ, kí ẹ wá gé gbogbo ìyókù kí wọ́n bá a dọ́gba. Mẹ́rin sí márùn-ún lábẹ́ ìpele onínṣì 8. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan gígùn tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu bíi pẹ́ńsù á gba àárín gbogbo wọn kọjá.

10/
Ẹ má lo igi súyà o, ó tín-ín-rín jù, ó máa ń tẹ̀. Ẹ má sì lo páìpù omi tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, wọn ò ṣe é fún oúnjẹ. Sítírọ́ọ̀ tó nípọn, èyí tí wọ́n fi ń mu bubble tea, máa ń ṣiṣẹ́ fún kéèkì kékeré onípele méjì. Owó tí mo fi ra mould orí ọmọ ọwọ́ ì bá ra dowel tó máa gbé kéèkì Àǹtí dé Èjìgbò.

11/
Tó bá jẹ́ pé òní ni màámi ka owó yẹn sí mi lọ́wọ́, bí mo ṣe máa rà á tẹ̀ léra nìyí. Mi ò ní kọ iye wọn, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè yí padà lọ́la.

Àkọ́kọ́, scale tó ń ka gíráàmù. Ife fúláwà tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wúwo ju èyí tí ẹ kàn bù lọ. Tí ẹ bá ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, kéèkì tòní ò ní jọ tàná.

Èkejì, thermometer tí à ń gbé sínú oven. Nọ́ńbà tó wà lára oven lè parọ́. Tí oven bá gbóná jù, kéèkì á wú láàárín, á sì là. Ibi tó wú yẹn lẹ máa gé dànù, owó bọ́tà àti ẹyin sì ni.

12/
Ẹ̀kẹta, turntable tó wúwo, tó ní ìdí onírin. Oníke inú àpótí mi máa ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò sì sí bí icing ṣe lè tẹ́jú lórí nǹkan tó ń mì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sórí káńtà, ẹ yí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá etí ẹ̀ dọ́gba. Tí etí náà bá ń lọ sókè sódò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kẹrin, scraper onírin. Ẹ mú méjì, ẹ fi etí wọn kan ara wọn, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, ọ̀kan nínú wọn ti wọ́. Ẹ ra palette knife tó tẹ̀ lọ́rùn àti ọ̀bẹ búrẹ́dì gígùn mọ́ ọn. Wáyà tí wọ́n ń tà fún gígé orí kéèkì, ọ̀bẹ búrẹ́dì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

13/
Nozzle: ẹ rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. 1M fún òdòdó ńlá tí à ń yí po, 3 fún ìkọ̀wé, 104 fún ròósì tí à ń ṣe ní pẹ́tálì-pẹ́tálì, 352 fún ewé. Mẹ́rin yìí á gbé yín rìn jìnnà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀. Tó bá yanu, icing máa gba ibẹ̀ yọ, òdòdó yín á sì máa hu irùngbọ̀n. Tí ẹ bá fọ̀ wọ́n tán, ẹ nù wọ́n gbẹ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà dípẹtà.

14/
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ooru. Bọ́tà máa ń yọ́ ní nǹkan bíi digirí 32 sí 35. Ọ̀sán Ìsọlọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò jìnnà sí ìyẹn, ọwọ́ tí ẹ fi di piping bag mú náà sì gbóná. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, ó di kí ẹ gbọ́gbọ́n. Kúlà tó dára àti ike omi dídì méjì wúlò fún mi ju airbrush lọ. Airbrush ₦27,000 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lò ó.

Ohun mìíràn: kéèkì fondant tó ti inú fíríìjì bọ́ sínú ooru máa ń làágùn, àwọ̀ á sì máa ṣàn. Ẹ fi í sínú páálí kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú páálí náà títí òtútù ara ẹ̀ á fi lọ.

15/
Èyí tó kàn yìí, ẹ má fò ó. Àtíkè wúrà.

Èyí tí mo fi kun òdòdó Àǹtí, wọ́n kọ "non-toxic" sára ike ẹ̀. Mo rò pé ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé jẹ. Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Kíráyọ́nù àwọn ọmọ iléèwé náà ní "non-toxic" lára. Ṣé ẹ máa lọ̀ ọ́ sórí kéèkì?

16/
Ní 2018, ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ọmọ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ kéèkì ọjọ́ìbí tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bàbà lílọ̀ ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Ní 2019, ní Missouri, òjé ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún kan. Wọ́n tọ ipasẹ̀ ẹ̀ títí dé orí àtíkè aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lò sára kéèkì. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn lọ́hùn-ún, ló gbé ìròyìn méjèèjì jáde ní 2021.

17/
Orí ibùsùn ni mo ti ka ìyẹn. Mo dìde jókòó. Yàtọ̀ sí ti Àǹtí, kéèkì mẹ́rin ni mo ti fi àtíkè yẹn ṣe. Méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ìbí ọmọdé. Mo pe àwọn ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní ara ọmọ òun le. Ìkejì ò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ títí dòní, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Nínú gbogbo wọn, ti Àǹtí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò jẹ, torí pé ó wó.

18/
Nítorí náà, ẹ ka ara ike. Èyí tó ṣeé jẹ máa ń kọ ohun tó wà nínú ẹ̀: ṣúgà, gum arabic, maltodextrin, sítáàṣì àgbàdo, àti orúkọ àwọ̀ tí wọ́n lò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ìsọlọ̀ wa níbí, lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, ẹ lè lọ béèrè. Tó bá jẹ́ "non-toxic" tàbí "for decoration only" nìkan lẹ rí, ẹ dá a padà sórí káńtà. Tí ẹni tó ń tà á bá ní "gbogbo èèyàn ló ń lò ó", ẹ rántí pé èmi náà wà lára gbogbo èèyàn yẹn.

Òdòdó oníwáyà náà ńkọ́? Ẹ má gún wáyà mọ́ kéèkì lásán. Ẹ ki sítírọ́ọ̀ bọ inú kéèkì ná, kí wáyà wọ inú sítírọ́ọ̀.

19/
Mi ò sọ pé mould ò dára o. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà ra á fún yín ni. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ labalábá, ẹ fi owó mould labalábá sínú iye tí ẹ máa pè. Ohun tí ẹ máa lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi owó ara yín rà.

20/
₦80,000 àti ₦45,000, ₦125,000 ni gbèsè mi lọ́wọ́ màámi. ₦2,500 ni mò ń san lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 50 ni mo fi san án. Lọ́jọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, mo da àpótí yẹn sílẹ̀, mo ka ohun tí mo ti lò rí nínú ẹ̀. Nínú 106, mẹ́sàn-án ni.

Màámi ka owó, wọ́n ní, "Ó pé." Wọ́n wá wo àpótí náà, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Orí àtẹ ata ló wà báyìí. Ṣéńjì ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀: àádọ́ta náírà lápá kan, ọgọ́rùn-ún lápá kejì, igba níbi tí nozzle wà tẹ́lẹ̀.

21/
Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá dáhùn lálẹ́ tí mo bá ti parí iṣẹ́. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ Òṣòdì lọ́la.