Santa Fiora: Ìlú tó pinnu láti bá àlejò sanwó ilé kó lè fara balẹ̀

Bí ènìyàn bá gun òkè Amiata dé ìlú Santa Fiora, ní ẹkùn Tuscany lórílẹ̀-èdè Ítálì, ìró omi ni etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́. Abẹ́ àpáta ìlú yìí ni odò Fiora ti ń sun jáde. Àwọn ìjòyè tó jẹ gàba lórí ìlú náà láyé ọjọ́un ti mọ odi yí ojú ìsun náà ká, ó di adágún kékeré tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, Peschiera ni wọ́n ń pè é. Omi ọ̀hún tutù nini, ó sì mọ́ gaara débi pé ojú ń rí òkúta tó wà nísàlẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń fi ọ̀pá fà lọ sí Grosseto, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó jìnnà sí òkè náà. Ilé olókùúta ló kún ìlú, àwọn òpópó tóóró ń lọ́ wọnú ara wọn, àwọn ère amọ̀ tí ìdílé Della Robbia ṣe ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn sì ń dán nínú ṣọ́ọ̀ṣì àgbà bí ẹni pé àná ni wọ́n yọ wọ́n nínú iná.

Ìlú ẹlẹ́wà ni, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ẹwà ìlú kò ní kí ọmọ má fi ilé sílẹ̀. Àwọn tó kù níbẹ̀ kò ju bíi 2,500 lọ, àwọn arúgbó sì pọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ ló tán. Nínú ikùn òkè Amiata ni wọ́n ti ń wa mẹ́kúrì, irin olómi tó máa ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgò tóóró tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kì bọ abíyá aláìsàn láti mọ bí ara rẹ̀ ti gbóná tó. Yàtọ̀ sí Almadén nílẹ̀ Sípéènì, ibi tí mẹ́kúrì ti ń jáde tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lágbàáyé. Nígbà tí gbogbo ayé wá mọ̀ pé májèlé ni, tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn kòtò náà pa láti àwọn ọdún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, ó di ìlú ńlá. Lónìí, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni irinṣẹ́ àwọn awakùsà wà ní Santa Fiora, ọmọ ilé ìwé ní ń wá wò wọ́n.

Kì í sì í ṣe ìlú kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ yìí bá. Lọ́dún 2023, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní Ítálì, orílẹ̀-èdè tó ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 59, kò tó 380,000. Ìlú kékeré tí kò rí ọmọ bí, tí kò sì rí ọ̀dọ́ mú dúró, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ tì. Bó bá ṣe díẹ̀, wọn a ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó bá tún ṣe díẹ̀, ẹni tí orí ń fọ́ yóò wọkọ̀ kó tó rí oògùn rà.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti fi yé àwọn ọ̀gá pé iṣẹ́ ìwé lè parí láìjẹ́ pé akọ̀wé jókòó sí ọ́fíìsì, àwọn aláṣẹ Santa Fiora gbé ètò kan jáde. ‘Vivi in Paese’ ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé kí ènìyàn máa gbé ní ìlú kékeré. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó wà níbòmíràn, tó sì fẹ́ wá bá wọn gbé fún oṣù 2 sí oṣù 6, wọ́n ní àwọn yóò bá a san tó ìdajì owó ilé rẹ̀, bí ohun tí àwọn ń san kò bá ti ju 200 yúrò lóṣù lọ. Ó níláti fi hàn pé òun níṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí wọn kò ránṣẹ́ pe ọ̀lẹ. Ní ti iná mànàmáná, ooru tó ń ti inú ilẹ̀ jáde ní Bagnore, abúlé kan tó wà lábẹ́ ìlú náà gan-an, ni wọ́n fi ń pèsè rẹ̀. ‘Smart working’ ni àwọn ará Ítálì ń pe irú iṣẹ́ àtilé-ṣe yìí. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń le fún àlejò nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Aago ìlú ni. Láàárọ̀, ilé kọfí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọfí oníwàrà jẹ́ ti òwúrọ̀. Ẹni tó bá béèrè fún un lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọn yóò fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti mọ̀ pé àjèjì ni. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò kí ènìyàn kó tó sọ ohun tó fẹ́ rà, kò ní ẹ̀kọ́ ilé lójú wọn (ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá). Bí aago 1 ọ̀sán bá lù, wọn a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó di bí aago 4 kí wọ́n tó ṣí i. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n lọ jẹ, ìjókòó ni wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ dá dúró lójú kọ̀ǹpútà títí aago 1 fi kọjá, tí kò sì ti ra búrẹ́dì sílẹ̀, ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà á múra, wọn a máa rìn lọ rìn bọ̀ ní gbàgede ìlú láìsí ibì kan tí wọ́n ń lọ. ‘Passeggiata’ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti rí àwọn àgbàlagbà níwájú ààfin rí nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ayò níwájú wọn, ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kò nílò àlàyé.

Àwọn kan lè pe èyí ní ìmẹ́lẹ́. Irọ́ ni. Àwọn ará Ítálì jà fún un. Lọ́dún 1986, nígbà tí McDonald's ṣí ilé oúnjẹ kan sí gbàgede Piazza di Spagna ní Róòmù, àwọn ènìyàn jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Carlo Petrini, akọ̀ròyìn kan láti ìlú Bra, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lérí, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Slow Food ti hù jáde, ẹgbẹ́ àwọn tó kọ oúnjẹ àjẹsáré. Lọ́dún 1999, Paolo Saturnini tó jẹ́ olórí ìlú Greve in Chianti, pẹ̀lú àwọn olórí ìlú Bra, Orvieto àti Positano, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú odindi: wọ́n dá Cittaslow sílẹ̀ fún àwọn ìlú tí èrò inú wọn kò tó 50,000. Ìgbín ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì mú ṣe àmì. Ìgbín ti Cittaslow tilẹ̀ pọn ilé àti ilé ìṣọ́ sẹ́yìn. Bóyá wọ́n mọ̀ ni o, bóyá wọn kò mọ̀, ẹranko tí àwọn Yorùbá ń pe ẹ̀rọ̀ mọ́ ni wọ́n mú.

Àmọ́ ìdẹ̀ra yìí kì í kárí. Ní oko tòmátò tó yí Foggia ká, níhà gúúsù Ítálì kan náà, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ń bẹ̀rẹ̀ ká tòmátò nínú oòrùn. Iye àpótí tí wọ́n bá kó kún ni a fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí pé ẹnì kan ń fara balẹ̀ jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2018, òṣìṣẹ́ oko 16, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ méjì bí wọ́n ti ń ti oko bọ̀. Àwọn náà ń gbé ní ìgbèríko Ítálì. Kò sí ẹni tó bá wọn san ìdajì owó ilé.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, Ítálì ti ní ìwé ìwọ̀lú tirẹ̀ fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan. Wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ gíga, ìbánigbófò fún ìlera, ilé tí ènìyàn yóò gbé, àti owó tó tó bíi 25,000 yúrò lọ́dún. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ní gbogbo èyí lọ́wọ́ yóò rí i pé aago Èkó àti ti Santa Fiora jẹ́ ọ̀kan náà nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni Ítálì sì fi ń ṣáájú nígbà ooru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ kò pọ̀, ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ sì ti ń pín ọmọ ìyá méjì níyà.

Ní Santa Fiora, ìrètí àwọn aláṣẹ ni pé àlejò tó wá fún oṣù mẹ́fà lè gbàgbé àtilọ. Kò dájú. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ láti ibikíbi lè kó ẹrù lọ sí ibikíbi, oṣù mẹ́fà kò sì tó láti mú ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ni ilé ẹ̀kọ́ ìlú nílò. Lábẹ́ ètò tí wọ́n gbé jáde náà, bí oṣù kẹfà bá pé, ìrànwọ́ dópin, ẹni tó bá dúró yóò máa san owó ilé tirẹ̀ pé bí aládùúgbò rẹ̀.

Ẹni tí oṣù kẹwàá bá sì bá níbẹ̀ yóò rí ìgbà tí castagna ń já bọ́ nínú igbó òkè Amiata. Èso kan ni, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ dùn bí ànàmọ́ sísun. Nígbà àìní, òun ni búrẹ́dì tálákà lórí òkè náà: wọ́n ń fi èéfín gbẹ ẹ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Wọ́n ṣì ń ṣà á títí di òní. Apẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn ń gbé lọ, wọn a fi kọ̀ǹpútà sílé.