Ahọ́n Ológbò àti Omi Ìfọṣọ
Nílé wa ní Èsìẹ́, ológbò ló ń ṣọ́ àgbàdo. Bí kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ahọ́n rẹ̀ ni kànrìnkàn rẹ̀: ohun tó bá tẹ̀, yóò lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Dettol tí a ń kán sí omi ìfọṣọ àti Izal léwu fún un, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè borí irú oró bẹ́ẹ̀ bíi tiwa. Nítorí náà, bí mo bá fọṣọ tán, mo máa ń da omi nù, mo ń ṣan ilẹ̀, mo sì ń dé gbogbo ike. Bó bá kàn án lára, ẹ fi omi lásán ṣàn án. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó lè ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.