Omi Àlùwàlá Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ àṣìṣe mi. Nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin níbí, omi tútù ni mo máa ń bu sí búta bàbá mi fún àlùwàlá Àsùbáà. Wọ́n ní òtútù ò mú àwọn, mo gbà. Àfi ìgbà tí mo rí i tí wọ́n ń gbọ̀n lórí ẹní ìkírun.

Tí òtútù bá kan awọ ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á súnkì kí ooru má baà jáde. Ti àgbàlagbà kì í súnkì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ooru á máa jáde, òun fúnra rẹ̀ sì lè má tètè mọ̀.

Ẹ̀sìn kò kọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọlọ́hun pàṣẹ dáadáa sí òbí nínú Súrà Isra, áyà 23. Ẹ gbé omi kaná kí wọ́n tó jí.