Ilé Troy Maxson

Nínú eré *Fences* tí August Wilson kọ, Cory bi bàbá rẹ̀ ìdí tí kò fi fẹ́ràn òun rí. Troy ní ojúṣe òun ni láti bọ́ ọ, pé ìfẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Èsì yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, torí pé kò ṣàjèjì sí wa. Bàbá á bi ọmọ pé: "Ta ló ń san owó ilé-ìwé rẹ?" Ọmọ á dákẹ́. Kí ni ì bá sọ? Àfi bí ẹni pé oúnjẹ tó jẹ láti kékeré, gbèsè ni.

Mo káàánú Troy. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó sá kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tó rorò. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ó mọ baseball gbá, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó máa fi gba Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, sínú baseball wọn ní 1947, ọjọ́ ti lọ lórí Troy. Ní 1957, ìdọ̀tí ló ń kó ní Pittsburgh. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fẹ́ gbé Cory dé yunifásítì, ó lọ bá kóòṣì pé ọmọ òun kò ní gbá a mọ́. Ó ní òun ń dáàbò bò ó ni. Mo gbà pé ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ìlara náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣòro láti sọ nípa bàbá.

Ó lé Cory jáde nínú "ilé òun". Ilé ta ni? Gabriel àbúrò Troy fara gbọgbẹ́ lórí lójú ogun. Dọ́là 3,000, owó gbà-má-bínú tí ìjọba fún un, ni Troy fi ní ilé tó ń ṣe báálé lé lórí.

Lẹ́yìn ọdún 18 tí wọ́n ti jọ wà, ó sọ fún Rose ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin mìíràn lóyún fún òun. Obìnrin náà kú sórí ìkúnlẹ̀, Troy sì gbé ìkókó wálé. Lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà á ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù, pé ọkùnrin ni. Rose gba ọmọ, ó kọ ọkọ.

Ní 1965, Cory ní òun kò ní lọ síbi ìsìnkú bàbá òun. Rose kò gbà fún un, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Ohun tí n kò lè gbà ni ẹ̀bi tó dì ru ara rẹ̀: pé òun ló jẹ́ kí Troy gba gbogbo ilé kan, tí kò sí àyè fún òun. Bó bá tilẹ̀ béèrè àyè nígbà náà, ta ni ì bá fún un?